Aṣọ Funfun Tí A Fi Bo Àjà Ọkọ̀

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gígùn lé mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìjókòó ọkọ̀ ni bàbá mi ń ṣe ní Òṣogbo. Ó ń ṣe ti lọ́rì, ó ń ṣe ti takisí, ó sì ń ṣe ti àwọn ọlọ́lá tí ìdí wọn ti jẹ awọ ìjókòó tán. Ọwọ́ mi kéré, ó lè wọ àárín sípíríǹgì níbi tí ọwọ́ ọkùnrin kò lè dé, nítorí náà, tí mo bá ti ilé ìwé dé, tí mo bá ti jẹun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Oríṣiríṣi nǹkan la máa ń bá nínú ìjókòó àtijọ́. A bá kóòmù, a bá kọ́kọ́rọ́, a tilẹ̀ bá eyín àtọwọ́dá kan lọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò wá béèrè títí di òní.

Òfin kan ni bàbá mi ní tí kì í yẹ̀. Kò ní fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ tàbí awọ àfi tí ẹni tó ni ín bá dúró síwájú rẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé e, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Tèmi ni, gé e.” Kò gba iṣẹ́ tí wọ́n fi rán dírẹ́bà. Kò gba ti ìyàwó tó ní ọkọ òun ló rán òun. Ó máa ń sọ pé sísọ́ọ̀sì kò mọ bí a ṣe ń tọrọ àforíjì. Àwọn oníbàárà a máa bínú, bàbá mi a sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka èyí, mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé mo mọ òfin yẹn kí n tó mọ ìṣirò. Ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn ẹbí ọkọ mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi.

Mo kàwé. Mo gba oyè ní yunifásítì, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní gẹ́ógíráfì kí n tó fẹ́ ẹnjiníà. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, iṣẹ́ gbé e lọ sí Jẹ́dà, mo sì tẹ̀ lé e. Al-Sabeel ni a ń gbé, àdúgbò àtijọ́ tí àwọn àlejò pọ̀ sí, ní ilé kan tí òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí gbogbo ayálégbé ń sá aṣọ sí. Ọkọ mi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gígùn kan lọ́wọ́ dókítà ọmọ Nàìjíríà tó ń padà sílé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹ mọ oòrùn ibẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọdún kejì, fóòmù tó wà lẹ́yìn aṣọ àjà ọkọ̀ náà ti jó di ìyẹ̀fun, aṣọ náà sì já bọ́ láti òkè, ó ń fẹ́ lẹ̀ẹ̀lẹ̀ẹ̀ lórí wa bí a bá ṣí fèrèsé. Ẹnjiníà fi pín-ìnnì tí wọ́n fi ń há ìwé mú un sókè. Pín-ìnnì ń bọ́ sí wa lọ́rùn. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣe é, ó ní òun máa gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Oṣù mẹ́jọ ló fi máa gbé e lọ.

Ní ọdún yẹn ni ìyá ọkọ mi wá ṣe Hájì, òun àti àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Al-Aziziyah ní Mẹ́kà ni àwọn tó kó wọn wá fi wọ́n sí, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé gogoro tí wọ́n máa ń háyà fún àwọn oníhájì. A lọ kí wọn ṣáájú ọjọ́ Àráfà, a sì gbé wọn jáde díẹ̀. A kò tíì rìn jìnnà tí pín-ìnnì méjì fi yọ, aṣọ àjà sì bo gèlè ìyá wọn mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, “Ẹnjiníà, ṣé ọkọ̀ tìrẹ náà ti di Àlàájà ni, tó fi ń borí?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ ọkọ mi mọ̀ pé a lè pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ohunkóhun, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ yẹn kan náà, nígbà tí mo wà ní ilé ìdáná pẹ̀lú àwọn obìnrin ìlú wa tó wà níbẹ̀, ìyá wọn fa ọ̀rá kan lé ọkọ mi lọ́wọ́ pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀ sí Jẹ́dà, nítorí pé ẹrù òun ti kún. Dàbínù wà nínú rẹ̀, tẹ̀sùbáà wà nínú rẹ̀, aṣọ ìsìnkú ìyá wọn náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ àṣà náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn ìyá wa tó bá dé Mẹ́kà máa ń ra aṣọ funfun lásán, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi Sámúsámù, wọ́n á sá a, wọ́n á ká a, wọ́n á sì gbé e wálé láti dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa fi sin wọ́n. Lórí òrùlé ilé Al-Aziziyah yẹn, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tó ọgọ́ta ló ń gbẹ lórí okùn, gbogbo wọn funfun bákan náà. Kí ti ẹnìkan má bàa bá ti ẹlòmíràn lọ, olúkúlùkù ìyá ń fi òwú ṣe àmì tirẹ̀ sí igun aṣọ.

Ọkọ mi gbé ọ̀rá náà dé Jẹ́dà, ó kó ohun inú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì sọ nǹkan kan fún mi. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kan náà ni aṣọ funfun tí òun rà láti fi rán jalabíà wà.

Nígbà tí Hájì parí, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fò padà sílé, a ṣètò pé kí àwọn méjèèjì wá sinmi lọ́dọ̀ wa. Ẹnjiníà ní ìyá òun kò ní jókòó sábẹ́ aṣọ jíjábọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n àsìkò Iléyá ni. Àwọn tó ń ṣe ìjókòó ọkọ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n ti lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará wọn. Ìgbà yẹn ló wá rántí pé ọmọ oníjókòó ọkọ̀ ni òun fẹ́.

Ó ti ra aṣọ aláwọ̀ eérú kan tó dára sílẹ̀ ṣáájú ọdún, èyí tó ní fóòmù pẹlẹbẹ lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló wọn àjà ọkọ̀ náà, ó na tépù bí ẹni tó fẹ́ kọ́ afárá. Mo sọ fún un pé kó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí aṣọ gbọ́dọ̀ yí sẹ́yìn pákó kí ó tó lè dì mú.

Ó ní, “Tíṣà, gẹ́ógíráfì lo kọ́. Fi ìwọ̀n sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ ọ.”

A tú àjà náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa lọ gbé wọn. A yọ iná inú ọkọ̀, a yọ ìbòòrùn méjèèjì, a yọ ohun tí èèyàn ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, a sì fa pákó àjà náà gba ẹ̀yìn ọkọ̀ jáde. A rọra gbé e gun orí òrùlé ilé, nítorí pé bí a bá ṣẹ́ ẹ pẹ́nrẹ́n, ó parí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha fóòmù àtijọ́ kúrò lára rẹ̀. Ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú bí gààrí tó ti bàjẹ́ bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, mo wú ikọ́ títí omi jáde lójú mi. Nígbà tí pákó mọ́ tónítóní, mo tẹ́ aṣọ eérú náà lé e. Ó bo ojú pákó gééré, kò sì ṣẹ́ kù ní ìwọ̀n ìka kan tó máa yí sẹ́yìn.

 Mo kàn wò ó. Ó lọ sí súùkù, ọjà wọn, láti wá aṣọ mìíràn kún un, ó bá gbogbo rẹ̀ ní títì. Ó padà wá, inú ń bí i bí ẹni pé èmi ni mo wọn aṣọ. Ó wọlé, ó sì gbé aṣọ funfun kan jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo bi í pé, “Ta ló ni aṣọ yìí?”

“Aṣọ jalabíà mi ni. Gé e.”

“Òwú pupa wo ló wà ní igun rẹ̀ yìí?”

“Àmì ọlọ́jà ni. Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ẹjọ́ là ń rò ni àbí iṣẹ́ là ń ṣe?”

Ilà kéékèèké mẹ́ta tó dúró gbọnrangandan ni òwú náà, bí ilà pélé. Ẹnìkan tí mo mọ̀ ní irú ilà bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn. Kò wá sí mi lọ́kàn. Bí òfin bàbá mi ṣe wí, ẹni tó ní òun ló ni aṣọ ti dúró síwájú mi, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí n gé e. Mo gé e.

Aṣọ náà fẹ́lẹ́, bí mo bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lásán, gọ́ọ̀mù máa yọ lójú rẹ̀ bí àwòrán ilẹ̀. Nítorí náà mo tẹ́ fóòmù tó wà lẹ́yìn aṣọ eérú náà sísàlẹ̀, mo sì ṣẹ́ aṣọ náà po sí méjì, gbogbo rẹ̀ pátá ni mo sì lò. A dúró di ìgbà tí oòrùn rọ̀, nítorí ní ọ̀sán gọ́ọ̀mù ń gbẹ kí ọwọ́ tó kúrò lára rẹ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù pa pákó, mo fi pa ẹ̀yìn aṣọ, mo dúró títí kò fi lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín bọ̀ sí etí. Mo fi ọwọ́ rán gbogbo etí rẹ̀. Igun tó ní òwú pupa bọ́ sí iwájú, lókè ibi tí ẹni tó bá jókòó ti dírẹ́bà máa wà. Ó bá ibẹ̀ mu gẹ́lẹ́, n kò sì gé e dànù. Nígbà tí a dá a padà sínú ọkọ̀, ó funfun, ó le, kò hunjọ níbì kankan. Inú mi dùn. N kò ní purọ́, inú mi dùn gan-an.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn Àláásárì, a gbé wọn ní Al-Aziziyah. Ìyá wọn jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó lẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì àwọn oníhájì dí ojú ọ̀nà, à ń rìn díẹ̀ díẹ̀. Ìyá wọn yin ọkọ̀ náà. Wọ́n ní ó ti di tuntun.

Ọkọ mi ní, “Màmá, iṣẹ́ ìyàwó yín ni.”

Wọ́n gbàdúrà fún mi. Wọ́n gbé orí sẹ́yìn kí wọ́n sinmi, ojú wọn sì lọ sókè.  Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka tọ́ òwú pupa náà wò, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta.

“Aṣọ tí wọ́n máa fi sin mí rèé.”

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni rí bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló fi ariwo sí i.

“Ìyàwó, ṣé aṣọ ìsìnkú ìyá wa lo fi bo ọkọ̀? Ìwé tí o kà lọ rẹpẹtẹ yẹn, ṣé kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí èèyàn máa béèrè?”

Mo wo ojú ọkọ mi nínú dígí ọkọ̀. Mo dúró de e. Ẹ gbọ́ mi yé o, àṣìṣe kọ́ ni mò ń bínú sí. Aṣọ funfun méjì nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan, ẹnikẹ́ni lè ṣì í mú. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ń retí: “Èmi ni mo gbé e fún un.” Ó wo ojú ọ̀nà. Ó wo bọ́ọ̀sì tó wà níwájú bí ẹni pé a kọ ìdáhùn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi náà kò sì lè sọ ọ́, nítorí wọn kò kọ́ wa pé kí ìyàwó sọ ọkọ di òpùrọ́ lójú ìyá rẹ̀. Mo bẹ ìyá wọn, mo ní kí wọ́n má bínú. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti di tèmi.

Ìyá wọn ní kí a yí padà. Wọ́n ní àwọn kò ní kúrò ní Mẹ́kà lọ́wọ́ òfo. A lọ sí Al-Hujun, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta aṣọ nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí. Ìlọrin ni ìyá rẹ̀ àgbà ti rìn wá ṣe Hájì láyé àtijọ́, tí kò padà mọ́. Yorùbá àtijọ́ tó dùn-ún gbọ́ ló ń sọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń fi Lárúbáwá dá a lóhùn. Ó wọn aṣọ tuntun fún wa, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi Sámúsámù jáde. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní, “Màmá, aṣọ kọ́ ni yóò gbé wa wọ àlùjánńà. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni.”

Ìyá ọkọ mi ní, “Mo mọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé mo ti rà á.”

Èmi àti ìyá wọn ni a jọ fọ aṣọ náà ní àgbàlá. Ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ilé. Ìyá wọn di etí kan mú, mo di èkejì mú, à ń fún un. Wọ́n bi mí, ohùn wọn kò sì jáde ju àárín wa lọ.

“Ta ló gbé aṣọ yẹn fún ọ?”

“Èmi ni mo mú un, Mà.”

“Ọmọ mi ni mo fi lé lọ́wọ́. N kò fi lé ọ lọ́wọ́.” Wọ́n wò mí títí. “Fún un dáadáa, omi ṣì wà níbẹ̀.”

Wọ́n mọ̀. Mo rò pé tí a bá wọlé, wọn óò sọ ọ́ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́. A wọlé, wọ́n bu omi mu, wọ́n béèrè bí aṣọ yóò ṣe pẹ́ tó kó tó gbẹ. Wọn kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, wọn kò sì sọ ọ́ títí wọ́n fi kú. Ọmọ wọn ni, èmi sì ni ọmọ ẹlòmíràn.

Nígbà tí a dé Jẹ́dà, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ jalabíà wà níbẹ̀, bí ọlọ́jà ṣe ká a ni ó ṣe wà. Ọkọ mi gbé e fún télọ̀, ó rán an, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí Jímọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní, “Ṣé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán ni?” Àjà ọkọ̀ náà ní tirẹ̀ kò já bọ́ mọ́ títí a fi ta ọkọ̀ náà. N kò tíì rán ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Kí n tó fi ẹsẹ̀ kan Nàìjíríà, mo ti di ìyàwó tó kan aṣọ ìsìnkú ìyakọ rẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Nígbà tí ìyá wọn kú lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, aṣọ Al-Hujun tí èmi fọ̀ ni a fi sin wọ́n. Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tún sọ ọ́ láti fi pa àwọn àlejò lẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín.

Ayé ti yí padà báyìí. Àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ ara wọn wa ọkọ̀ ní Jẹ́dà níbi tí èmi ti ń jókòó sẹ́yìn. Ẹni tí àjà ọkọ̀ rẹ̀ bá já bọ́ lónìí, ẹlòmíràn ni yóò gbé e fún. Ohun tó sì yí padà jù ni ẹnu àwọn ọmọ. Láìpẹ́ yìí, a ń sọ ọmọ-ọmọ wa lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti darúgbó, igi ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ìtàn aṣọ ìsìnkú kò darúgbó lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tí mo bí ní Jẹ́dà gbé àwo oúnjẹ kalẹ̀, ó kọjú sí bàbá rẹ̀ láàárín gbogbo ẹbí.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé aṣọ yẹn jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù?”

 Ohun tí mo ti ń dúró dè láti ojú ọ̀nà Mẹ́kà ti dé iwájú mi. Ọkọ mi la ẹnu. Kí ó tó sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ohùn kan tó ń bá ọmọ mi wí: “Má bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.” Ohùn mi ni. Ọkọ mi pa ẹnu dé, àwọn èèyàn sì padà sídìí oúnjẹ wọn.

Ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní òun kò mọ irú èèyàn tí àwa jẹ́ nígbà ayé wa. Mo máa ń sọ fún un pé àwọn ìyàwó òde òní kò ní sùúrù, pé gbogbo nǹkan ni wọ́n ń dá lóhùn lójú ẹsẹ̀. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un mọ́. Mo wá ìwé àti bíírò, mo sì jókòó. Bàbá rẹ̀ wà ní pálọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì ohun tí mò ń kọ.